Ààyò ni àbí Àìlera? Àyẹ̀wò Èdè Ìlànà lórí Ìkànnì tí í Mú Òòyì Kọ́ Ni

Láti ìgbà tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń kó iṣẹ́ wa lọ sórí ayélujára, ohun tí a sábà máa ń bèèrè nípa ìkànnì kan ni bóyá àmì ohùn rẹ̀ pé, bóyá àkọtọ́ rẹ̀ tọ̀nà, bóyá ohun tí ó wà níbẹ̀ sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú wọn: ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣí ìkànnì náà lè jókòó tì í kí ó sì ka ohun tí a kọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé òòyì kọ́ ọ? Nínú iṣẹ́ yìí, ìwé ìlànà tí a ń pè ní WCAG, èyí tí ẹgbẹ́ W3C gbé jáde, ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú àṣẹ kékeré kan tí ń bá a rìn nínú ẹ̀rọ. A kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bí onímọ̀ ẹ̀rọ yóò ti ṣe é. Èdè rẹ̀ ni ó jẹ wá lógún, nítorí pé lójú tiwa, ibi tí èdè náà ti mẹ́hẹ ni àwọn tí ń ṣe ìkànnì ti ń rí àyè sá fún ojúṣe wọn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ara. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ọ̀nà tóóró mẹ́ta kan wà tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, tí omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà á mì, ọpọlọ á sì mọ̀ pé à ń yí. Ìdí nìyí tí ọmọdé tí ó bá yí po títí tí ó wá dúró lójijì fi ń rò pé ilẹ̀ ni ó ń yí: òun ti dúró, omi etí rẹ̀ kò tíì dúró. Ojú náà ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ tí ojú rán bá tako èyí tí etí rán, ìdàrúdàpọ̀ dé nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ rí ní gáréèjì, tí ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lọ, tí òun sì rò pé ọkọ̀ tòun ni ó ń sún sẹ́yìn, ó mọ ohun tí à ń sọ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ti bá inú etí rẹ̀ jà, tàbí tí ó ní irú ẹ̀fọ́rí tí ń mú òòyì dání, tàbí tí ó ti fi orí gbá nǹkan nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó wò fún ìwọ̀nba àkókò lè lé e lọ sórí ibùsùn fún wákàtí bíi mélòó kan.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ohun tí ó bá ti ń rìn ni ó ń fa èyí. Bí eégún bá ń yí lójú agbo, tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́, òòyì kì í sábà kọ́ òǹwòran, nítorí pé ilé, igi àti èrò tí ó yí agbo ká dúró sójú kan. Ohun tí ó dúró ni ojú fi ń mọ ohun tí ń rìn. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé ilé àti igi àti èrò ni ó ń yí, tí eégún nìkan wá dúró, òǹwòran mélòó ni yóò lè wo agbo náà parí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lójú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì kékeré tí ó yí àwọ̀ padà bí a bá fọwọ́ kàn án kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Àwòrán ńlá tí ó là gbòòrò lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ gbé ni mì, ojú-ìwé tí iwájú rẹ̀ ń sáré nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀, tàbí èyí tí odindi rẹ̀ ń yí bí òkòtó, àwọn wọ̀nyí ni eléwu.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí gbangba, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé iOS 7 jáde fún fóònù rẹ̀. Bí a bá ṣí nǹkan kan lórí fóònù náà, ojú rẹ̀ á sáré wọnú ohun tí a ṣí. Bí a bá tẹ fóònù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àwòrán tí ó wà lẹ́yìn á máa sún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé òòyì ń kọ́ àwọn, pé èébì ń gbé àwọn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá, àtúnṣe 7.0.3 ti dé: ẹni tí ó bá tan ètò tí a pè ní “Reduce Motion”, dípò kí ojú fóònù rẹ̀ máa sáré wọlé-jáde, ṣe ni yóò máa pòórá díẹ̀díẹ̀ tí òmíràn yóò sì yọ. Fóònù nìkan ni èyí wà fún. Ọdún 2017 ni ètò náà tó lè bá ìkànnì sọ̀rọ̀ nínú Safari 10.1, Firefox gbà á ní 2018, Chrome sì gbà á ní 2019. Orúkọ àṣẹ tí ó ń gbé iṣẹ́ náà lọ ni prefers-reduced-motion. Ibí ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni olùwà?

Bí a bá tú orúkọ yìí sí Yorùbá láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ohun tí ó ń sọ ni pé “ẹni yìí yan ìrìn tí a dín kù láàyò.” Nínú gbólóhùn náà, ènìyàn ni olùwà. Òun ni ó ń yàn, òun ni ó fẹ́ ohun kan ju èkejì lọ. Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: òòyì ń kọ́ mi, èébì ń gbé mi. Òòyì ni olùwà, òun ni ó ń ṣe nǹkan. Ènìyàn ni àbọ̀, òun ni a ń ṣe nǹkan sí. Bákan náà ni ebi ń pa mí, òtútù ń mú mi, inú ń run mí. Gbogbo olùkọ́ ni ó ti kọ́ ọmọ kíláàsì ní olùwà àti àbọ̀. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ni pé irú gbólóhùn wọ̀nyí ti dá ẹjọ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òòyì ń kọ́ òun, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé kí ló dé tí ó fi yan òòyì. Ìbéèrè tí a ó bi í ni pé: kí ni ó fà á?

Olùkà lè sọ pé a tún ní “ó wù mí,” níbi tí ènìyàn ti jẹ́ àbọ̀ tí kò sì sí àìsàn kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Kì í ṣe ipò àbọ̀ nìkan ni ó ń gbé ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a wò. Kọ́, gbé, pa, mú: ọ̀rọ̀ agbára ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìwọ̀ tí ó kọ́ aṣọ, fún olè tí ó gbé ẹrù, fún ọlọ́pàá tí ó mú ọ̀daràn. Kò sí irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú “yàn láàyò.” Ẹni tí ń ṣe ìkànnì tí ó bá ka orúkọ àṣẹ yìí yóò rí i tí ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi prefers-color-scheme, èyí tí ń sọ bóyá ènìyàn ń fẹ́ ojú-ìwé funfun tàbí dúdú. Kí ni yóò dì í lọ́wọ́ láti rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ ohun tí ó wu oníkálùkù ni, tí òun yóò ráyè fún bí iṣẹ́ bá dẹ̀?

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà orúkọ náà ní ẹjọ́ tí ó ṣeé gbọ́. Àṣẹ yìí kò sọ ìdí. Ohun kan ṣoṣo tí ìkànnì ń gbọ́ ni pé kí ìrìn dínkù. Kò mọ̀ bóyá àìsàn etí ni, tàbí pé ìrìn náà kàn ń dí ẹni náà lọ́wọ́ ìwé tí ó ń kà. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ “ẹni tí òòyì ń kọ́,” gbogbo ìkànnì tí ènìyàn bá yà sí ni yóò mọ àìsàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àwọ̀ yìí ń bo àṣírí aláìlera, a kò sì fẹ́ kí a yí i padà nínú ẹ̀rọ. Àríwísí wa ni pé orúkọ tí a sọ ọ́ fún ẹ̀rọ kí ó lè pa àṣírí mọ́ ni a tún mú fún ènìyàn, tí a fi ń kọ́ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì, bí ẹni pé òun náà ni ìdí tí àṣẹ náà fi wà.

Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà, ìyẹn dídín kù, ní wàhálà tirẹ̀. Lórí fóònù Apple, ohun tí ètò náà ń sọ ni pé kí a dín ìrìn kù. Lórí Android, ó ní kí a mú un kúrò. Windows ní tirẹ̀ kàn dárúkọ ìrìn náà ni, ó sì fi bọ́tìnnì sí i pé kí ó wà tàbí kí ó má wà. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ fún ìkànnì: dín in kù. Nítorí náà, ẹni tí ó ní “mú un kúrò” ni ìkànnì ń gbọ́ bí ẹni tí ó ní “dín in kù.” Ògbufọ̀ tí ó bá ṣe báyìí níwájú adájọ́, a kò ní tún pè é mọ́. Mélòó ni a ó wá dín kù? Ẹni tí ó fa ìrìn ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn di méjì lè rò pé òun ti dín ìyára rẹ̀ kù, nígbà tí ó jẹ́ pé ó kàn mú kí ìyà náà pẹ́ sí i ni. Ẹlòmíràn a sì pa gbogbo ohun tí ń mira, títí kan òrùka kékeré tí ń yí láti fi hàn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí olùlò yóò fi rò pé ẹ̀rọ ti kú. Ìtumọ̀ tí a fara mọ́ ni èyí tí àtúnṣe ọdún 2013 ti lò: kí a fi ohun tí kì í sún kúrò lójú kan rọ́pò ohun tí ń sáré, kí a sì jẹ́ kí ìròyìn tí ìrìn náà ń gbé ṣì dé ọ̀dọ̀ olùkà.

Ipò tí a fi aláìlera sí

Nígbà tí WCAG kọ́kọ́ jáde ní 1999, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣe ṣàkó. Ó ní títí àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí ìkànnì yóò fi jẹ́ kí olùlò lè dá ohun tí ń rìn dúró fúnra rẹ̀, kí àwọn tí ń ṣe ìkànnì yẹra fún ìrìn lójú-ìwé. Ipò kejì nínú mẹ́ta ni ó fi èyí sí. A lè sọ pé ó le jù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó gbé ẹrù náà rù: ẹni tí ó ṣe ojú-ìwé ni.

Ẹ̀dà kejì, tí ó jáde ní 2008, mú òfin méjì wá sí ipò A, ìyẹn ipò tí kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fò ó. Èkíní ni pé ohunkóhun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mìíràn, tí ó sì ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, ó gbọdọ̀ ní ohun tí a lè fi dá a dúró tàbí tí a lè fi gbé e pamọ́. Èkejì ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú bí mànàmáná ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, àfi bí ìmọ́lẹ̀ náà bá kéré dé ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀. Nítorí àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ń ru gìrì tàbí wárápá wọn sókè ni eléyìí. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáàn ní oṣù kejìlá ọdún 1997, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó lé ní 600 di èrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n wo eré Pokémon lórí tẹlifíṣọ̀n, kò ní bá a jà pé ó wà ní ipò A.

Òfin ti ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfọkànsí ni a fi ṣe é: ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni a rò pé ènìyàn lè fara dà kí ọkàn rẹ̀ tó padà sídìí ohun tí ó ń kà. Òòyì kì í dúró de ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ojú-ìwé tí ó gbá wọlé láti ẹ̀gbẹ́, tí ó yí lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì dúró, lè má lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. Ó pa òfin mọ́, ó sì ti ṣe ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀dà 2.1, tí ó jáde ní 2018, ni ó wá dárúkọ ìrìn tí ó jẹ mọ́ àìsàn yìí. Ó ní ìrìn tí ohun tí olùlò ṣe bá dá sílẹ̀ gbọdọ̀ ṣeé pa, àfi bí ó bá jẹ́ kò-ṣeé-mánìí. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìrìn tí ojú-ìwé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tí kò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá 5, já sí àárín òfin méjèèjì, kò sì sí èyí tí ó mú un.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ipò AAA ni a gbé òfin tuntun yìí sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀dà 2.2 ti ọdún 2023 sì fi í sílẹ̀ sí. AAA ni ipò tí ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ gbà wá níyànjú pé kí a má sọ di dandan fún odindi ìkànnì. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2024 fún ìkànnì àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn dúró ní AA. Ìlànà Yúróòpù tí a ń pè ní EN 301 549 náà kò sọ ohunkóhun di dandan kọjá AA. Ní kúkúrú, ẹni tí ó bá pa gbogbo òfin mọ́ lè ṣe ìkànnì tí yóò mú òòyì kọ́ aláìlera láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì rú òfin kankan. A kò mọ irú àlàyé tí yóò mú kí a fara mọ́ èyí. Aláìsàn tí ó ṣubú lulẹ̀ lójú gbogbo ayé wà ní ipò A. Èyí tí ó rọra pa ẹ̀rọ dé, tí ó lọ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, wà ní AAA.

Ní ti “kò-ṣeé-mánìí,” ìwé náà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: ohun tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìtumọ̀ tàbí iṣẹ́ yóò yí padà pátápátá, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà. A ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa. Bí a bá fẹ́ fi han àjèjì bí ètè méjèèjì àti ẹ̀yìn ahọ́n ṣe ń pàdé tí wọ́n sì ń ṣí papọ̀ kí a tó lè pe gb, àwòrán tí ó dúró kò tó. Ìrìn náà ni ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, olùkà ni ó yẹ kí ó tẹ bọ́tìnnì kí àwòrán náà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì máa fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí eṣinṣin, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ó tún ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá: àmì tí ó kéré ju hóró iyanrìn lọ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú wo ni yóò mú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ tí ń sáré?

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ṣe ìkànnì ṣe kò la owó lọ. Àṣà tí ó gbòde ni pé kí a kọ́kọ́ kó gbogbo ìrìn sí ojú-ìwé, kí a tó wá yọ ọ́ fún ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀. Kí a yí i padà. Kí ojú-ìwé dúró jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ àṣẹ ìrìn sí abẹ́ no-preference, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ó bá sọ pé olùlò òun kò béèrè ìdínkù nìkan ni yóò rí i. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbọ́ èdè yìí rárá yóò rí ojú-ìwé tí ó dúró. Àwòrán GIF kì í gbọ́ àṣẹ yìí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá lò ó gbọdọ̀ ṣe èyí tí kì í rìn mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ lè mú un dípò. Èyí nìkan náà kò tó lọ́dọ̀ tiwa. Fóònù kan ni ìyá, ọmọ àti àbúrò jọ ń lò nínú ilé púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lo kọ̀ǹpútà kàfé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ètò tí ó wà lórí ẹ̀rọ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tí òòyì ń kọ́ sì lè má mọ̀ rárá pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà ó yẹ kí bọ́tìnnì kan wà lójú-ìwé gan-an, lókè pátápátá, kí ohunkóhun tó rìn.

Kí ni a ó kọ sára bọ́tìnnì náà ní Yorùbá? “Dín ìrìn kù” kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ìkìlọ̀ fún ẹni tí kì í gbélé ni ó ṣe ń dún. “Dá àwòrán dúró” sàn jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ náà ń rìn. “Dúró jẹ́ẹ́” kúrú, ó dùn, àmọ́ olùkà lè rò pé òun ni à ń pàṣẹ fún. Èyí tí a fi síwájú ẹgbẹ́ ni “Òòyì ń kọ́ mi,” nítorí pé ohun tí aláìlera yóò sọ lẹ́nu náà nìyẹn, kò sì ní kọ́kọ́ ronú ohun tí yóò tẹ̀. Kí ẹni tí yóò kọ ọ́ sáà má gbàgbé àmì ohùn orí kọ́, kí ó má baà di kọ̀, kí aláìsàn wá máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òòyì ti kọ òun sílẹ̀.